Apá Tí Kámẹ́rà Ń Rí

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Wọ́n ti lẹ ìpolówó mọ́ ọmọ yín lára! Nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí tí mo bá gbé igi láti gbá bọ́ọ̀lù nínú eré bésíbọ́ọ̀lù wa, apá ọ̀tún ẹ̀wù mi ló ń kọjú sí kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni wọ́n rán orúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan mọ́. Àwọ̀ búlúù ni, bí omi òkun wa ní Guaymas. Tí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo tẹjú mọ́ ọn, ó máa ń dà bíi fèrèsé. Mo máa ń rí yín níbẹ̀, tí ẹ ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ yín, tí ẹ sì ń pariwo pé, "Eleuterio, tún ju bọ́ọ̀lù yẹn lu ìkòkò mi, kó o wá wò ó!"

Àbúrò mi Nereida ní òun ò rí mi nínú pápá mọ́. Ẹ ní kó máa wo bẹ́ǹṣì dáadáa. Apá tó ní ìpolówó ni mò ń kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà; apá òsì ń sinmi díẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín, tó ti wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé bí ẹ ṣe fẹ́ láti kékeré,
Eleuterio