Ọta Tí Mo Dì Ló Ṣìnà, Kì í Ṣe Ọwọ́ Lúùkù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú àmúmọ́ra ọjọ́ orí. Èmi àkọ́bí yín ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ onípákó tó tutù níhìn-ín, kí Tẹrésà ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń rí mi. Mo ní kó máa kọ ìwé rẹ̀. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa ní Gbaffo, mo kí àwọn àna wa ní Tré, mo kí àwọn ọdẹ tó ṣẹ́kù. Lúùkù, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Ó ti pẹ́ tí o ti gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu mi.

Mo fẹ́ kí katikíìsì ka lẹ́tà yìí sókè lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, nígbà tí èrò bá pọ̀. Tẹrésà ní àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa náà yóò gbà á. Kí wọ́n gbà á. Ojú gbogbo ayé ni mo ti bú àbúrò mi, n kò lè wá máa tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Ẹ ó béèrè bí ara ti rí. Ara wà níbẹ̀. Ọdún kẹta nìyí tí a sin Mọ́níkà ìyàwó mi, ọdún kejì tí Tẹrésà mú mi wá sí ilẹ̀ Faransé, torí kò fẹ́ kí n máa dá jókòó sínú yàrá. Níbí náà, mo ń dá jókòó. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó ń wẹ arúgbó ẹlòmíràn, bàbá tirẹ̀ wà nílé, ó ń wo ògiri. Òtútù wọn kò dà bí ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ a máa la ètè, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán a lé e lọ. Tibí ń wọ eegun, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí mo ń fà ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti dé. Kò sí òkè kankan. Ilẹ̀ tẹ́ bí ẹní, ojú kò rí ibi kọ́. Owó tí Tẹrésà ń fi ránṣẹ́ sí yín, tirẹ̀ ni, ẹ má dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi kò rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni Misié Rẹnẹ́, bàbá arúgbó tí ilé rẹ̀ kan tiwa. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Faransé tèmi kò ju ti ọjà lọ, tirẹ̀ ń sáré jù, ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì tí ìyàwó kú mọ́ lọ́wọ́ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó bá gbé ife kọfí, ìdajì a dà sílẹ̀. Ó rí i pé ọwọ́ tèmi ṣì dúró, ó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ ọwọ́ fún òun nínú ilé iṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo débẹ̀, mo bá kòròfo idẹ tó tò bí eyín, ẹ̀tù nínú agolo, ọta nínú páálí. Ó ń di kàtúùsì, ìyẹn kòròfo tó ní ẹ̀tù nínú tó sì ní ọta lẹ́nu, fún ìbọn rẹ̀, èyí tó fi ń yìnbọn sí ìwé ní pápá àwọn ayìnbọn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ mi nìyí, pé ogún ọdún ni mo fi ń dì í fún ìbọn bàbá mi. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n fi han òun bí mo ṣe ń ti ọta wọlé.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ ìbọn náà, Ìyá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá wa gbà á lọ́wọ́ òyìnbó awọnlẹ̀ kan tó mú la àwọn òkè wa já. Karabíìnì ni. Ìbọn alágbẹ̀dẹ tiwa ń fọ́n ọta ká bí ẹni fọ́n àgbàdo ká fún adìyẹ; karabíìnì ń yọ ọta kan ṣoṣo, ibi tó o bá fojú sùn ló ń lọ. Nígbà tí Bàbá kú, Lúùkù jogún ojú rẹ̀, èmi jogún ẹnu. Lúùkù ń yìnbọn, èmi ẹ̀gbọ́n ń di ọta. A kò rí kàtúùsì tuntun rà, nítorí náà mo ń ṣa kòròfo èyí tó ti yìn, mo ń bu ẹ̀tù sí i, mo ń fi òòlù onígi ti ọta tuntun sí i lẹ́nu. Ẹ̀tù, mo ń wọ̀n ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọta yóò ti jókòó jìn tó, ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mo ń tì í díẹ̀. Nígbà òjò mo ń bẹ̀rù kí omi má wọ inú ẹ̀tù, màá gbá a wọlé jinjin, màá fi ìda oyin dí i létí. Ti òjò, ti ẹ̀ẹ̀rùn, inú àpò awọ kan náà ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí.

Lọ́dún kan, Lúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé. Ẹni tó ń dúró lórí àpáta kan pa ẹtu lórí àpáta kejì, ó ń tàsé. Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbé e ti kàtúùsì kan, ó sì ti ṣẹ́ ẹ gan-an níbi tí orí ọta dé. Ó fi wọn èkejì lójú mi, ọta yọ orí kọjá. Ó fi wọn ẹ̀kẹta, ọta kò dé ibẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, wọn ò jókòó bákan náà. Mo gba ẹyọ ìgbálẹ̀ náà, mo ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta. Mo bi í bóyá ìgbálẹ̀ ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní ẹni tí mo pọ̀n títí ó fi mọ ìrìn kò gbọdọ̀ wọn iṣẹ́ mi. Mọ́níkà ń ro ẹ̀kọ lórí iná, kò gbójú sókè. Ó ní Bàbá Tẹrésà, ìgbálẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo ní kó bojú tó ìkòkò rẹ̀. Ó ní òun ń bojú tó o, ìkòkò tòun kì í tàsé. Lúùkù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́ kẹta ni a lọ bá ìmàdò tó ń hú iṣu wa jẹ lọ́nà Lèma. Ẹran náà dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn wá, kò jìnnà. Lúùkù gbé ìbọn lé àpáta, ó mí jẹ́jẹ́, ó yìn ín. Ọta tó yẹ kó lọ sí àyà lọ sí ìdí. Ìmàdò yí padà, èmi ló bá lọ́nà, ó fi eyín ya itan mi dé egungun. Lúùkù ló fi àdá pa á. Lúùkù ló pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀ òkè náà, títí dé ilé ìwòsàn.

Gbogbo yín mọ èyí. Ohun tí mo sọ nígbà tí mo padà dé ni mo fẹ́ kí a tún gbọ́. Mo jókòó níwájú àwọn ọdẹ, mo ní ọtí sódàbì ti jẹ Lúùkù lọ́wọ́, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo ní kó gbé ìbọn bàbá wa kalẹ̀. Lúùkù tí kì í mu ju ife kan lọ́jọ́ ọdún. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi ọ̀pá lu ilẹ̀, mo ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ní ẹnu. Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò pè é lọ sígbó mọ́. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Lúùkù Ọwọ́-ń-gbọ̀n. Ó lọ ń fọ́ òkúta lẹ́sẹ̀ òkè pẹ̀lú àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ibẹ̀ ni èérún òkúta ti fọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀, ojú tó fi ń wo ẹnu ìbọn. Mo gbọ́, n kò lọ kí i. Mọ́níkà ló gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ẹ̀yin, Ìyá, ẹ ń lọ sí ilé méjèèjì. Nígbà tí mo ní kí ẹ dá wa lẹ́jọ́, ẹ ní ọmọ méjì lẹ bí, ẹ kò bí adájọ́. Nínú àìsàn tó pa Mọ́níkà, ó bẹ̀ mí kí n ránṣẹ́ pe àbúrò mi. Mo ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la tirẹ̀ kò pọ̀ mọ́, n kò mọ̀. Lúùkù wá síbi ìsìnkú, ó bu erùpẹ̀ sí i, ó lọ.

Wàyí o. Mo ti ọta márùn-ún wọlé lójú Misié Rẹnẹ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú irin kan tó ní ẹnu bí èékánná akàn, ó fi há kàtúùsì kọ̀ọ̀kan, ó ń wo nọ́ńbà, ó ń mi orí. Èyí jìn, èyí kò jìn, èyí jìn ju gbogbo wọn lọ. Ó ní òun kò ní fi wọ́n sínú ìbọn òun, pé èyí tó jìn jù yẹn lè fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lójú. Ó tú wọn palẹ̀. Ó wá fi ẹ̀rọ tirẹ̀ hàn mí, tó ní kókó kan lórí tí wọ́n ń yí kí ọta lè wọlé sí i, ìnípọn bébà kan lẹ́ẹ̀kan. A di márùn-ún, a yí i díẹ̀, a di márùn-ún mìíràn, títí a fi ṣe ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ̀tù kan náà, ọta kan náà. Bí ọta ti jókòó jìn tó nìkan ló yàtọ̀.

A gbé e lọ sí pápá. Ó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, ó ń yìn ín. Márùn-ún àkọ́kọ́ fọ́n ká lórí ìwé bí ìka ọwọ́ tí a là. Ìkejì sàn díẹ̀. Ìkẹta kó jọ débi pé àtàǹpàkò mi kan bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìkẹrin tún fọ́n ká, ó sì sọ̀kalẹ̀. Mo bi í pé báwo. Ó ní àfo díẹ̀ wà tí ọta ń fò kó tó mú ìlà tó wà nínú ihò ìbọn, pé ìbọn kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe fẹ́ ẹ sí. Mo fi í wé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá àgbà wa tó rẹlẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá tètè tẹríba yóò ti nàró kó tó débẹ̀, yóò forí gbá a. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó tẹríba yóò forí gbá a náà. Èmi ni mo ń sún ẹnu ọ̀nà síwá sẹ́yìn fún Lúùkù, tí mo sì ń bú u pé kò mọ ilé wọ̀.

Mo wo ọwọ́ Misié Rẹnẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lóòótọ́ rèé, ọta rẹ̀ sì kó jọ. Ọwọ́ Lúùkù kò gbọ̀n rí. Mo jókòó sórí koríko tútù. Ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lúùkù, ìwọ lo jàre. Èmi ni mo tàsé. Ẹsẹ̀ tí mo ń fà, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ojú tí o kò ní mọ́, ẹnu mi ló fọ́ ọ. Ìbọn Bàbá wà ní àjà yàrá mi nílé lọ́hùn-ún, mo fi aṣọ wé e. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n gbé e fún ọ. Tẹrésà gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀, ó ní ojú wo ni àbúrò yín yóò fi wò ó. Tìrẹ ni ìbọn náà, ṣe é bó o bá ti fẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní àtúnṣe. Mọ́níkà náà kò sí láti gbọ́ pé òótọ́ lòun sọ.

Ìyá, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí katikíìsì bá kà á tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àgbà ti bẹ̀bẹ̀, kí àbúrò gbà. Kí àwọn ọdẹ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn jókòó jẹ́ẹ́. Kí Lúùkù dìde, kó sọ ohun tí mo gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Bó bá pẹ́ títí oòrùn fi wọ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Bí kò bá sì fẹ́ sọ nǹkan kan, tó kọjá lọ sílé rẹ̀, ẹ má dá a dúró. Tẹrésà yóò pè yín, kí wọ́n gbé fóònù sí àárín. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ tí ẹ kò fi ní gbọ́ ohùn tèmi, tí èmi yóò sì máa gbọ́ tiyín. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run bá wa dá yín sí. Kí iṣu ọdún yìí ta, kí òjò má ṣe wá ju bó ṣe yẹ. Ẹ bá mi fi omi tútù wọ́n ojú oórì Mọ́níkà. Ẹ kí ìyàwó Lúùkù àti gbogbo ilé rẹ̀, kí ẹ tó kí ilé tèmi.

Èmi ni, Sìmóòní, ọmọ yín.