Ìkòkò Tó Wo Préṣà Bàbá Rẹ

Ilé Àjàlá, Lakowe,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Fàrídátù, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ilé alájà mẹ́rin tí ò ń gbé ní Lẹ́kkí Phase 1, mo sì kí mẹ́gàádì yín tí kì í jẹ́ kí ìyá wọlé tọ ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fóònù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, iná kò ní kú lábẹ́ ìkòkò rẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò tiyín kì í ní iná lábẹ́. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọba Allah, nítorí ó ku díẹ̀ kí n máa kọ irú lẹ́tà mìíràn sí ọ. Fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni o sì sọ pé o wà ní mítìn, pé préṣà ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé wàá pè mí padà. Mo gbé fóònù sí àyà títí, kò dún. Mo wá rò ó pé kò sí ẹni tó lè sọ fún lẹ́tà pé òun wà ní mítìn. Àyúbà ni yóò mú un wá fún ọ ní Sátidé, Àyúbà ilé kejì wa, tó ń gé kóríko ní ọgbà àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Fún un ní omi tútù, ṣùgbọ́n má fún un ní oúnjẹ oníyọ̀. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn ẹrù ìdáná tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. O ní o kò fẹ́ kí èéfín igi máa ta mí lójú mọ́, ọmọ tìrẹ náà yóò ro tìrẹ. Bílẹ́ńdà ń lọ ata kúnná, ariwo rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí àwọn adìẹ mi yé ẹyin fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí o ní atẹ́gùn ló fi ń dín nǹkan, mo kó iṣu sí i láìsí epo gẹ́gẹ́ bí o ti wí, iṣu náà sì jáde bí ẹni tí ọyẹ́ bá lójú ọ̀nà Sókótó. Mo dúpẹ́, inú rẹ̀ ni mo ń kó gèlè mi sí báyìí, aáyán kò rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Èyí tó ní ojú gíláàsì, bàbá rẹ ní tẹlifíṣàn ni. Wọ́n gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n ń wo iṣu tó ń yí po nínú iná. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní ètò náà kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí n yí i sí ìròyìn.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Ìkòkò ńlá oníná yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí awakọ̀ gbé e dé, o sọ fún mi lórí fóònù pé ìkòkò préṣà ni, o sì pa fóònù. Fàrídátù, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí o ti ń bẹ bàbá rẹ pé kí wọ́n lọ yẹ préṣà wọn wò, torí pé préṣà ló pa bàbá tó bí wọn, òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì ń dá ọ lóhùn pé ẹni tí kò bá wá àìsàn lọ, àìsàn kò ní wá a wá. Mo wo ìkòkò náà, mo ní ọmọ yìí ti gbọ́n ju wá lọ. Bàbá kọ̀, kò lọ síbi tí wọ́n ti ń wo préṣà, ọmọ ti di ohun tó ń wo préṣà sínú páálí, ó ti gbé e ránṣẹ́ sí bàbá.

Mo pe Àyúbà torí pé ó gbọ́ Òyìnbó. Ó ka ìwé inú páálí, ó ní wọ́n ní kí a bu omi sí i, kí a dé e, kí a tẹ̀ ẹ́, pé ìdánwò ni wọ́n ń pè é. Mo ní ìdánwò náà là ń wá. Mo ní kí bàbá rẹ bá wa di etí ìkòkò mú kó má baà yẹ̀, wọ́n dì í mú, Àyúbà tẹ̀ ẹ́, iná pupa sì yọ lójú rẹ̀. Mo bèèrè ohun tí ó wí. Àyúbà wo ìkòkò, ó wo bàbá rẹ, ó tún wo ìkòkò, ó wá rọra ní kí a má bínú o, ó ní préṣà ga.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe, ó ga. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n padà wá gbé ọwọ́ lé e, ó ga. Wọ́n ní kí Àyúbà gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé e, tirẹ̀ náà ga. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu, oòrùn inú ọgbà gọ́ọ̀fù yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá yíjú sí mi pé ó kàn mí. Mo ní mo ní ẹ̀fọ́ lórí iná.

Nígbà tó yá, ìkòkò náà ké pí, pí, pí, iná rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àyúbà ní ó ní kí a jẹ́ kó máa móoru. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, àṣé ó tún ń júwe ìtọ́jú. Mo fa búláńkẹ́ẹ̀tì ọyẹ́ yọ, mo fi wé bàbá rẹ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo wọ súwẹ́tà sí i fún wọn, nínú oòrùn tí epo pupa ń fi ń yọ́ nínú ìgò. Ọkùnrin kan tó wá wo ilẹ̀ tí a fẹ́ tà bá wọn lábẹ́ igi báyẹn, ó rò pé aṣọ oyè ìdílé ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Wọ́n tún kọ orúkọ oúnjẹ sára ìkòkò náà, ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Àyúbà ní orí ẹ̀wà ni iná dúró sí. Ohun tí ó yé mi nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni bàbá rẹ fi jẹ ẹ̀wà tí kò níyọ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Orí igi ni mo ti sè é o, ta ni yóò fi dókítà se ẹ̀wà? Má bi mí bí yàrá ṣe rí. Mo gbé ẹní mi lọ sí pálọ̀, ológbò sì tẹ̀lé mi.

Àràárọ̀ la ń dán wọn wò, àràárọ̀ ló ń ga. Bí mo ti ń gba iyọ̀ lẹ́nu wọn tó, kò walẹ̀ rárá. Mo ní ìkòkò kì í purọ́, ẹnìkan wà nínú ilé yìí tó ń purọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Àyúbà rí nǹkan kan létí ìdérí tí wọ́n ní èèyàn lè fi tú préṣà sílẹ̀. Inú mi dùn, mo ní kó yára tú u. Ó tì í báyìí, ìkòkò sì pariwo fììììì, èéfín funfun rọ́ lọ sí òrùlé. Bàbá rẹ sá pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn títí dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ há wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń bẹ ìkòkò. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, òun yóò sọ òótọ́. Wọ́n ní gbogbo ọ̀sán tí òun ń sọ pé òun ń lọ wo ààlà ilẹ̀, Addo ni òun ń lọ, lọ́dọ̀ Afusat àbúrò òun, ẹsẹ̀ màlúù oníyọ̀ ni òun ń jẹ níbẹ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀, mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí n ó fi bá Afusat jà. Kò parí. Wọ́n ní orí ti ń fọ́ òun láti ìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀. Wọ́n ní ojú òsì òun máa ń ṣú. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ òun ti kú, tí bútà àlùwàlá bọ́ lọ́wọ́ òun, tí òun sì sọ fún mi pé ewúrẹ́ ló ta á dànù. Fàrídátù, mo na ewúrẹ́ yẹn.

Mo ní kí Àyúbà sáré wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ wọn, èmi ni mo ń bu omi sínú bútà náà. Ìkòkò ni wọ́n sọ fún, wọn kò sọ fún mi.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ lójú títì ẹsípírẹ́ẹ̀sì títí a fi dé ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì fi aṣọ kan wé apá wọn, ó ń fún rọ́bà kan bí ẹni ń fún ọsàn. Ẹ̀rọ tiwọn kéré, kò lè se ẹyin adìẹ kan jinná, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wí. Nọ́ọ̀sì sáré lọ pe dókítà. Ọmọdébìnrin kan ni dókítà náà, kò lè jù ọ́ lọ. Ó ní nọ́ńbà préṣà ti òkè ti lé ní igba, pé ká ní a fi ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, rọpárọsẹ̀ ni ì bá kọlù wọ́n, tàbí kí a máa wá àlùfáà. Ó bèèrè ẹni tó fura tó ní kí a wá. Bàbá rẹ ní ìkòkò ni.

Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé oúnjẹ ni wọ́n ń fi ìkòkò yẹn sè, pé ooru inú rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n kò bá a jiyàn. Kò sí oníṣòwò tó fẹ́ kí ẹlòmíràn pàtẹ síwájú ìsọ̀ òun.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá wọn dúró. Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ kò mọ̀ mí mọ́, orúkọ ìyá wọn ni wọ́n ń pè mí. Mo ń dáhùn. Kọ́rídọ̀ ibẹ̀ ni mo dúró sí lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin tí mo pè ọ́. N kò fi sùn ọ́, n kò bínú, mo kàn ń sọ ibi tí mo wà.

Wọ́n ti padà sílé láti ọjọ́ Ajé, ara wọn ti ń mókun. Oògùn méjì ni wọ́n ń lò láràárọ̀, iwájú ìkòkò ni wọ́n ti ń gbé e mì, wọ́n á sì la ẹnu kí ìkòkò rí i pé ó ti lọ. Dókítà gba búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, ó sì fòpin sí ẹ̀wà àjẹtúnjẹ náà, gbogbo ilé ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Afusat wá tọrọ àforíjì pẹ̀lú abọ́ ẹsẹ̀ màlúù, mo foríjì í, mo jẹ ẹ́. Àwọn mẹ́fà ládùúgbò ti wá gbé ọwọ́ lé ìkòkò náà, gbogbo wọn ló ga, mo sì kó wọn lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní mẹ́rin kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù kò gbọdọ̀ lọ sílé láìgba oògùn. Ó ní ta ló ń rán wọn wá? Wọ́n ní Fàrídátù ọmọ Àjàlá ni.

Ìkòkò náà ń jẹ iná púpọ̀, kí o fi owó iná díẹ̀ rán Àyúbà. Má fi í sí báǹkì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi lójú gbogbo èèyàn, mo sì sọ fún un pé ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ìkọ̀kọ̀ nìyẹn, mo bá tèmi lọ. Kí o sì wá ìkòkò lásán kan tí mo lè fi se oúnjẹ, torí eléyìí ti gba iṣẹ́ mìíràn.

Ó wá ku ìwọ. Láti Lakowe dé ọ̀dọ̀ rẹ, ojú ọ̀nà kan náà ni, oṣù kẹwàá rèé tí o ti gbà á wá gbẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni o ń sọ pé préṣà pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé èdè ọ́fíìsì ni. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ báyìí, mo ti rí ibi tó fẹ́ gbé bàbá rẹ dé. Tẹ̀lé Àyúbà padà wá sílé lọ́jọ́ Sátidé náà. Wàá gbé ọwọ́ lé ìkòkò, bí ó bá ga, o kò padà lọ́jọ́ yẹn, ẹní mi lò ń sùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ikú rẹ. Bí o ti rántí ojú mi nínú èéfín, Ọlọ́run yóò máa rántí rẹ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Wàá pẹ́ ju àwa tó bí ọ lọ, wàá sì jẹ iyọ̀ dọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́nsúrátù Àjàlá.

Mo tún tú lẹ́tà yìí láti kọ èyí sí i. Kò sí ẹ̀fọ́ kankan lórí iná lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí. Títí di òní, gbogbo èèyàn ló ti gbé ọwọ́ lé e àfi èmi. Bí o bá dé, bá mi di ọwọ́ kan mú, kí n lè gbé èkejì lé e.