Fíìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tú Lójú Fèrèsé

Ilé Fọ́tò,
Ọ̀nà Stéṣọ̀n,
Ọ̀fà.
14 Oṣù Kọkànlá, 1961.

Adétóyè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù Jọ́ọ̀sì ti dé. Ṣé àyà tó máa ń dùn ọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Susannah ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ara wa le níbí, inú ni kò dùn.

O ti gbọ́ pé Màmá wa kú ní Ojoku lóṣù tó kọjá. Èyí tí o kò tíì gbọ́ nìyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó kú, mo ya wọ́n ní fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọn kò jókòó síwájú kámẹ́rà rí láyé wọn; Àdìkẹ́ àbúrò mi ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Méjìlá ni mo yà. Oògùn tí mo fi ń fọ fíìmù ti tán, mo bá ká a sínú agolo. Nígbà tí a sin Màmá tán, mo lọ ra oògùn n'Íbàdàn.

Ẹ̀yìn mi ni ẹ̀gbọ́n mi, Oyètúndé, wọ yàrá òkùnkùn. Ó ń wá ìwé oko Màmá, ó rò pé èmi ni mo gbé e pamọ́. (Má bínú pé mo ń pè é ní "ó". "Wọ́n" kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.) Ó ṣí agolo, ó tú fíìmù, ó nà án sójú fèrèsé. Nígbà tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ká a wúruwùru, ó tì í bọ abẹ́ àpótí onírin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé oko náà, abẹ́ ìrọ̀rí Màmá ni a ti padà rí i.

O rántí ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa: horo fàdákà wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ ló wà lára fíìmù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn wọ́n, wọ́n ti yí padà nínú, ojú ni kò rí i. Oògùn kàn ń fi hàn ni. Bí nǹkan bá sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ gan-an, wọ́n á yí padà láìsí ìmọ́lẹ̀ rárá. Adétóyè, méjèèjì ló bá ìyá mi. Abẹ́ àpótí ni mo ti fa fíìmù náà yọ; nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, mọ́kànlá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìkan tó wà nínú pátápátá, kò tú u débẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò kàn án, ṣùgbọ́n àpótí ti tẹ̀ ẹ́ pa: àpá bí ojú èékánná la ojú Màmá méjèèjì kọjá.

Mo bi í. Kò jiyàn. Ó ní òun rò pé ọ̀rá lásán ni.

Ní Sunday tó kọjá, òun àti àwọn àgbà ìjọ méjì wá gba fọ́tò Màmá tí wọn yóò fi ṣe kàlẹ́ńdà ìrántí. Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo tẹ ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà sórí bébà. Ìwọ náà mọ ohun tí fíìmù dúdú ń bí. Mo gbé bébà funfun báláú lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó béèrè ibi tí Màmá wà.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ tú wọn wò kẹ́yìn, Bùọ̀dá."

Ó gbé bébà náà sílẹ̀, ó jáde. Àwọn àgbà ní mo ti ṣe àṣejù, pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Mo ti rò pé inú mi yóò rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò rọ̀.

Àdìkẹ́ ní kí n tẹ èyí tó lápá fún òun. Àná ni mo tó lè tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka bo ibi ojú, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹnu Màmá nìyí."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Bí ààyè bá yọ, wá kí mi. Lẹ́tà kò lè gba gbogbo rẹ̀ tán.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀rọ̀ ń dùn,

Jacob