Oògùn Ẹ̀gbọ́n Tí Àbúrò Mu

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Ọsibítù, Ìjerò.

Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọwọ́ mi, ṣì ń mí gúlegúle. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀, wọ́n ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán wọn sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ra oògùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn fún. Nígbà tí mo lọ sóko láàárọ̀, ìyá ọkọ mi gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń wúkọ́, wọ́n sì fún un nínú rẹ̀. Àánú ló ṣe wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ní, “Oògùn yẹn máa ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ò lágbára láti wúkọ́ gbé e jáde. Àyà rẹ̀ ló kún.”

Ọkọ mi pè láti Ayétòrò. “Ta ló fún un?”

Màmá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò tíì fẹnu kan oúnjẹ látàárọ̀. Mo ní, “Èmi ni.”

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Akin, irọ́ ló ń pa. Èmi ni. Mi ò mọ̀.”

Àwa méjèèjì ń gbọ́ ọkọ mi tó ń sunkún.