Ta Ló Tú Èsì Àyẹ̀wò Àbúrò Mi?

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àbúrò mi obìnrin ṣe àyẹ̀wò éèdì nítorí ìgbéyàwó. Èsì rẹ̀ ò dára. Akọ̀wé ilé ìwòsàn mọ̀, Mógàjí, olórí agboolé wa ní Pópó Yemọja, mọ̀, gbogbo agboolé mọ̀, kí àbúrò mi fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ mi ni mo bá a kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ilé Mógàjí ni ilé ìwòsàn fi lẹ́tà èsì ránṣẹ́ sí, níbi tí wọ́n ti máa ń ka lẹ́tà gbogbo wa sókè.

Mo lọ bá akọ̀wé náà. Ó ní, "Àǹtí, àṣìṣe ni. Ṣé ẹ̀yin kì í ṣàṣìṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

Àṣìṣe kọ́. Ó ku ọjọ́ méjì kí lẹ́tà dé tí àwọn àna ti dá ìgbéyàwó dúró, ìbátan wọn sì ni akọ̀wé yìí.

Wọ́n tún ní òfin kan ń bọ̀, tí ilé ìwòsàn yóò máa fi orúkọ àwọn tó ní éèdì ránṣẹ́ sí ìjọba. Ọwọ́ ta ni àwọn orúkọ náà yóò wà?

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àna ń bọ̀ wá kó ẹrù ìdána wọn. Ẹ bá mi mú agbẹjọ́rò wá sórí ètò yín, ó pẹ́ tán ọjọ́ Jímọ̀, kó sọ ìyà tó wà fún ẹni tó bá tú àṣírí aláìsàn. Akọ̀wé náà máa ń gbọ́ ètò yín.