Bàtà Orí Àga

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Síkírù,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ara ìyàwó mi ti yá, àwọn ọmọ ń lọ ekóòlù, ilé ìwé àwọn Faransé.

Nùrúdíìnì tí wọ́n bí mi tẹ̀lé ló dójú tì wá. Ojoojúmọ́ ló ń fi Ráámà, òrìṣà àwọn ará Íńdíà tó wá sáyé bí èèyàn, kọ́ wa ní ìkóra-ẹni-níjàánu ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jà Roxy níbí: wọ́n gba adé rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, kò bínú. Lọ́jọ́ dimáǹṣì, ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yọ ọ́ nípò alága, wọ́n fi èmi sí i. Ẹ wo olùkọ́ sùúrù! Ó ju fìlà mọ́lẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni tí agbọ́n ta. Ẹnu lásán!

Àmọ́ ó ti sọ fún wa rí pé àbúrò Ráámà ò jókòó sórí ìtẹ́. Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé síbẹ̀. Èmi ti jókòó kí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde tán.

Ọlọ́run á dá Màmá sí fún wa. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi Nùrúdíìnì. Àga náà ń gún mi ní ìdí.

Àbúrò yín,
Mùíbì