Àlímánáákì Ara Ògiri Ìyá Àgbà

Koumassi Remblais,
Abidjan.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2002.

Tinúọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé orí fífọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti lọ? Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé ilé ìjọsìn? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin méjèèjì ní ìdúró, kó má bá yín ní ìdùbúlẹ̀. Èmi wà láàyè. Ìyẹn náà ni mo lè sọ nípa ara mi. Àdìzátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta obì ní Anyama, ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ ní Èjìgbò. Jọ̀ọ́, bí o bá ti já a, má kà á sókè létí ìyá àgbà.

Nínú lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú, mo ní bàbá rẹ lọ sí San Pedro lọ tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Irọ́ ni mo pa. Bàbá rẹ wà ní àtìmọ́lé. Tẹlifíṣọ̀n ló gbé wọn débẹ̀, ẹnu tèmi ìyá rẹ ló sì lò.

O mọ̀ pé látìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ lápá òkè ní oṣù kẹsàn-án, àlejò ò níyì mọ́ ní ìlú yìí. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá sọ nírọ̀lẹ́ ni aládùúgbò fi ń wò wá láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, a ń jẹ àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn níbí, lọ́wọ́ nígbà tí oníròyìn fi káàdì ìdánimọ̀ mẹ́sàn-án hàn. Ó ní inú àpò kan ní Anyama ni ọlọ́pàá ti rí i, pé àwọn àjèjì tó ń gbé ìbọn fún ọlọ̀tẹ̀ ló ni ín. Orúkọ ọmọ onílẹ̀ ló wà lára gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó wà níbẹ̀, ojú tiwa ni. Bàbá rẹ nìyẹn, pẹ̀lú pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, tí káàdì pè ní Kouadio. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ni Bàbá Ìsmáílà, alága ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò nígbà kan, tí a ti sin láti ọdún 1998.

Tinúọlá, ẹ̀rín la kọ́kọ́ rín. Bàbá rẹ ní, "Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n bó ṣe jí òkú dìde, pásítọ̀ ò sì gbàdúrà." Mo rẹ́rìn-ín títí àtíkẹ́ fi há mi lọ́fun. Ìgbà tí mo máa wo ojú wọn, wọ́n ti gbé àwo sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Tinú, àlímánáákì wa nìyẹn."

O ṣáà mọ ẹgbẹ́ wa. Ebi lè pa wá, ṣùgbọ́n ọdún ò ní yí ká kí a má tẹ àlímánáákì: àwọn àgbà tó ti di olóògbé lókè, àwọn olóyè ẹgbẹ́ láàárín, bàbá rẹ tó jẹ́ akọ̀wé nísàlẹ̀ lápá òsì. Ti ọdún 1999 ni èyí. A pín in fún ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìyànà. A fẹ́ kí ojú wa hàn, ojú wa sì hàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àlùmọ́gàjí lè gé wa.

Bàbá rẹ fẹ́ mú àlímánáákì náà lọ bá ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá mú un jáde ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ilé gbogbo àwọn yòókù, torí orúkọ àti àdúgbò oníkálùkù ló wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ni ìbẹ̀rù bá wọ àárín wa. Ilé kọ̀ọ̀kan já tirẹ̀ lára ògiri, ó fi dáná. Èmi náà ki tiwa bọ àdògán, mo sì fi iná rẹ̀ se ọbẹ̀. Bàbá rẹ ò jẹ nínú ọbẹ̀ náà. A ò mọ̀ pé ohun tí ì bá gbà wá la fi ń dáná.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Marcel fi dé. O rántí Marcel, ọmọ ìyá tó ń rán aṣọ iléèwé, tí bàbá rẹ máa ń bá tún ẹ̀rọ ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ó ti di oníròyìn tẹlifíṣọ̀n. Bàbá rẹ ò sí nílé. Marcel jókòó lórí àpótí ìdáná mi, ó ń pè mí ní maman, ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni, òun fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi. Inú mi dùn. Mo wọlé lọ wé gèlè. Henriette, tíṣà ọmọ Benin tó wà lójúlé kejì, ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Mi ò kà á sí.

Marcel gbé àwòrán káàdì náà sí mi lójú. Ó ní, "Maman, c'est bien votre mari?" Ó ń bi mí bóyá ọkọ mi nìyẹn. Mo ní, "Oui, c'est lui. C'est mon mari." Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ni. Mo wá sọ fún un pé káàdì yẹn kì í ṣe tiwọn, ayédèrú ni, inú àlímánáákì wa ni wọ́n ti gé fọ́tò náà. Mo tilẹ̀ júwe ibi tí a sin Bàbá Ìsmáílà sí fún un. Ó dúpẹ́. Nígbà tí ìròyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo pe gbogbo ojúlé wá wò mí. Mo rí ara mi pẹ̀lú gèlè mi. Mo gbọ́, "Oui, c'est lui. C'est mon mari." Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Oníròyìn ní ìyàwó ọ̀daràn náà ti jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi nínú yàrá náà.

Mo bínú sí Marcel débi pé mi ò lè kí ìyá rẹ̀ mọ́, obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí.

Àwọn yòókù nínú àwòrán náà sá gba Gánà. Bàbá rẹ ní ẹni tí kò jalè kì í sá. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń mú wọn lọ, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyá Tinú, wọ́n gé ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́." Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń sùn. Henriette nìkan ni àwọn ọlọ́pàá ń jẹ́ kó rí bàbá rẹ. Ó ní wọ́n ti rù, ikọ́ ń bá wọn jà, eyín iwájú kan ti kúrò. Mo mọ̀ pé kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ọmọ àdúgbò sì ti kó ṣọ́ọ̀bù wọn. Tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ pé ọlọ́pàá ń wá Bàbá Ìsmáílà, pé ó ti sá wọgbó.

Lọ́yà Ignace, tí Henriette bá wa bẹ̀, ní ohun kan ṣoṣo ló kù: kí a rí ẹyọ kan nínú àlímánáákì náà. Bí adájọ́ bá rí àwòrán mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú ìwé tí a tẹ̀ kí ogun tó dé, tó sì rí "olóògbé" lábẹ́ Bàbá Ìsmáílà, yóò mọ̀ pé ayédèrú ni káàdì wọn. A wá a ní Remblais, a wá a dé Port-Bouët àti Anyama. Gbogbo rẹ̀ ti di eérú. Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ní òun ò mọ̀ wá rí. Ìgbà náà ni mo rántí ògiri pálọ̀ ìyá àgbà.

Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́, Tinúọlá. Àràárọ̀ ni ìyá àgbà ń dúró níwájú àwòrán yẹn, tí wọ́n ń ki ọmọ wọn kí wọ́n tó bomi sẹ́nu. Wọn ò gbọdọ̀ mọ̀. Sọ fún wọn pé o fẹ́ gbé e lọ fi fírémù sí, fírémù onídígí, nítorí eruku. Inú wọn á dùn. Rọra yọ ìṣó rẹ̀, kó má ya nísàlẹ̀ lápá òsì. Fi aṣọ wé e, kí o fún Àdìzátù, yóò mú un bọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ kó bá ẹni tí o fẹ́ràn. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá dáwọ́ lé yóò yọrí. Wọn ò ní pa irọ́ mọ́ ọ kí ayé gbà á gbọ́. Bá mi kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fojú sọ́nà,
Dèbórà Ògúnbíyìí.

Àfikún: Àdìzátù ò tíì lọ, mo gba lẹ́tà náà padà, mo tún un já. Lọ́yà Ignace àti Henriette ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá sọ pé ikọ́ náà ni. Mo mọ̀ pé a kì í fi lẹ́tà túfọ̀. Pásítọ̀ ìjọ yín yóò wá bá ọ àti ìyá àgbà. Kí o bu omi fún un, kí o jẹ́ kó jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Má fún Àdìzátù ní àlímánáákì náà mọ́. Kò sí ẹni tí yóò jẹ́rìí gbè. Ṣùgbọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ onífírémù lóòótọ́, kó fi dígí sí i, kí o sì gbé e kọ́ padà síbi tó wà. Má ṣe kọ "olóògbé" sábẹ́ àwòrán bàbá rẹ. Bí ìyá àgbà bá ṣì fẹ́ máa kì wọ́n láàárọ̀, má dá wọn lẹ́kun.